Mo Fi Fóònù Pamọ́ Sáyà, Bàbá Onítakisí Ru Ẹ̀bi Mi

Bàbá arúgbó kan bẹ̀ mí lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi fúnra mi dá. Mo jókòó, mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà tán, mo sì sọ fún un pé mo ti dárí jì í.

Bí inú bá ń bí yín sí mi báyìí, ẹ kò jẹ̀bi. Inú èmi náà ń bí sí ara mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán, nítorí pé ohun tó mú mi lè mú ẹnikẹ́ni tó bá ní mọ̀lẹ́bí nílé.

Faridah ni orúkọ mi. Èmi àti ọkọ mi, Zulkifli, ń ta èèlò ọkọ̀ ní Akébé, níbí ní Libreville. Ọmọ kan la ní, Sakeenah, tí Faransé rẹ̀ já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Okala là ń gbé, nítorí náà ojoojúmọ́ ni mò ń wakọ̀ lọ tí mo sì ń wakọ̀ bọ̀.

Fóònù méjì ni mò ń lò. Ọ̀kan ni ti Gabon, òun ni àwọn oníbàárà fi ń pè mí. Èkejì ni mò ń pè ní fóònù ilé. Nọ́ńbà Nàìjíríà ló wà nínú rẹ̀, òun ni gbogbo ẹbí mọ̀. Ẹni tó ń gbé ìdálẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí fóònù ilé bá dún tí o kò dáhùn, ẹjọ́ ti délẹ̀ nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já Sakeenah sílẹ̀ níléèwé ni fóònù ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ń gbọ̀n, kò dáwọ́ dúró. Mo yọjú wò ó fìrí.

Bushrah, àbúrò ọkọ mi, ti bímọ!

Ẹ̀yin èèyàn mi, Bushrah tó ti ń wojú Ọlọ́run láti ìgbà tó ti ṣe yìgì. Bushrah tí wọ́n ti fi òwe bú ní gbogbo ilé ayẹyẹ. Mo pariwo nínú ọkọ̀ lémi nìkan. Mo fọwọ́ lu sítíárìn títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí n kí wọn dáadáa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí gúrúùpù ẹbí, mo rí i pé gbogbo wọn ti kí. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ọkùnrin, tó wọlé lẹ́yìn mi, ti kọ àdúrà tó gùn bíi wáàsí Jímọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́ nínú ilé náà, wọn ò tíì gbóhùn mi.

Ìyá ọkọ mi sì ti sọ ọ́ rí, níṣojú àwọn èèyàn, pé, "Ìyàwó wa tó wà ní Gabon? Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ó ti di Òyìnbó. Kì í tètè kí ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Lọ́dọ̀ tiwa, ìkíni tó bá pẹ́, àìkíni ni wọ́n ń kà á sí.

Mo wá ń tan ara mi. Mo ní, àdúrà ni mo fẹ́ kọ, kì í ṣe òfófó. Ta ni Ọlọ́run fẹ́ jẹ níyà nítorí àdúrà?

Mo gbé fóònù lé itan, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo ń wo títì, mo ń wo itan. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ kú oríire o. Ẹ kú ewu ọmọ. Bushrah, ojú tì wọ́n! Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí"

"Rí ibi" ló kù tí mo fẹ́ kọ. Mi ò kọ ọ́. Gbàgà ni mo gbọ́.

Ọkọ̀ mi ti fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Takisí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò sílẹ̀, tó rọra ń padà bọ́ sójú títì, ni mo lọ rọ́ lù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì.

Onítakisí náà sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ di àyà mú. Bí mo ṣe rí ojú rẹ̀, mo dá a mọ̀. Bàbá Ògúnbọ̀dé ni, ọmọ Pobè ní ilẹ̀ Benin, tó máa ń ra èèlò bíréèkì lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

"Ọmọ mi, ṣé kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan?" Ohun tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

Mo ní rárá. Ó wò mí, ó mi orí.

"Mo rí ọ o. Orí rẹ tẹ̀ba. Kí lo ń wò nílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tí gbogbo Akébé ti ń sọ ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ni. Bí ọkọ̀ bá ti kọlu ọkọ̀, wọn á fi okùn so ó mọ́ fóònù awakọ̀. Kì í ka ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ. Bóyá ìka rẹ wà lórí fóònù nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ló máa ń sọ. Zulkifli fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé, "Ìyá Sakeenah, fi fóònù sílẹ̀ tóo bá ń wakọ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í gbẹ̀bẹ̀."

Ẹ̀rọ kì í gbẹ̀bẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fóònù wo ni mo fẹ́ fún un?

Kí ọlọ́pàá tó dé, mo tẹ̀ síwájú nínú ọkọ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà. Mo mú fóònù ilé tó ti já sílẹ̀, mo ki í bọ inú kọ́mú, mo tún híjáàbù mi ṣe. Ta ló máa tú híjáàbù obìnrin wò lójú títì?

Obìnrin ni ọlọ́pàá tó wá. Ó bọ̀wọ̀ fún wa, ó kí wa dáadáa. Ó gbé àpótí kékeré kan jáde nínú báàgì, ó ní kí n mú fóònù mi wá. Mo fún un ní ti Gabon.

"Èyí nìkan ni ẹ ní, madame?" Faransé ló fi bi mí.

"Òun nìkan ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni fóònù ilé gbọ̀n láyà mi. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbọ̀n. Àwọn ará ilé ń dáhùn. Mo kó apá mi jọ sáyà, mo ń ṣe bí ẹni tí òtútù ń mú nínú oòrùn Libreville.

Iná àwọ̀ ewé tàn lórí àpótí náà. Ọlọ́pàá yọ okùn, ó dá fóònù padà fún mi. "Kò sí nǹkan kan," ó ní. Ó yẹ fóònù bàbá wò pẹ̀lú, fóònù kékeré oníbọ́tìnnì kan. Kò sí nǹkan níbẹ̀ náà.

Ó yíjú sí bàbá. "Papa, madame kò fọwọ́ kan fóònù. Ẹ̀yin sì lẹ ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ́ sójú títì. Ṣé ẹ rí i pé ó ń bọ̀?"

"Mo rí i. Ọ̀nà kejì ló wà. Orí rẹ̀ tẹ̀ba, ló bá yà wá bá mi."

"Papa, ẹ̀rọ ní kò tẹ orí wo fóònù."

Bàbá wá kọjú sí mi, ó fi Yorùbá Nàgó rẹ̀ bi mí jẹ́jẹ́: "Ọmọ mi, Mùsùlùmí ni ọ́. Òótọ́ ni kóo sọ fún mi. Ṣé títì lo ń wò?"

"Wàláhì, bàbá," mo ní. "Títì ni mò ń wò."

Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra, fóònù sì ń gbọ̀n láyà mi.

Bàbá Ògúnbọ̀dé kò jiyàn mọ́. Ó fi ìka nu ojú rẹ̀ méjèèjì, ó wo títì, ó tún nu ojú. Ọlọ́pàá gba permis rẹ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ó ní kó lọ yẹ ojú wò lọ́dọ̀ dókítà kó tó wá gbà á. Bàbá kó ìwé yòókù sápò.

Nígbà tí mo délé ni mo ṣí fóònù ilé. Ẹ wo ohun tí mo rí. Nígbà tí ọkọ̀ kọlu ọkọ̀, ìka mi ti tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Gbogbo ẹbí ti kà á pé, "Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí", ó sì parí síbẹ̀. Fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí! Fún ọmọ Bushrah!

Ìyá ọkọ mi pè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ wa kí ló ṣe? Parí rẹ̀! Jọ̀ọ́, parí rẹ̀ fún mi!"

"Rí ibi ló kù, Màámi. Kó má rí ibi láyé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé e."

"Àmín, àmín o." Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

Ẹ ò rí i bí irọ́ ṣe ń bí ọmọ.

Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n Zulkifli kò gbà. Ó ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá ló jẹ̀bi, àgbà ni, ó sì fara pa. Ó ní a gbọ́dọ̀ lọ kí i kú ewu. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó ní kí n lo oògùn, ká jọ lọ.

Ilé pákó ni bàbá ń gbé ní Akébé, nísàlẹ̀ níbi tí omi òjò máa ń gbà. Ó ti fi tapólì bo takisí rẹ̀ síwájú ilé. Nígbà tó rí wa, ó dìde. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti di apá àga mú, ó ń tẹ orúnkún rẹ̀ lọ sílẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá, rárá!" Zulkifli sáré gbá a mú.

"Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́," ni bàbá ń wí. "Ọmọ mi, má bínú sí mi. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọ́. Mo rò pé mo rí ọ, pé orí rẹ tẹ̀. Ojú ló tàn mí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí mo bá wò, mo máa ń bi ara mi bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí."

"Ṣé ẹ ti rí dókítà?" ni ọkọ mi bi í.

"Kí n lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé mo ń fọ́jú? Mi ò lọ. Mo ti fi ọkọ̀ sílẹ̀. Èmi tí mi ò tíì fara kan ẹnikẹ́ni rí."

Mo ń wo ilẹ̀. Zulkifli fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. "Ìyá Sakeenah, bàbá ń bẹ̀ ọ́. Dá wọn lóhùn."

Ẹ̀yin èèyàn, ibẹ̀ ló ti yẹ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọkọ mi, mo rí bó ṣe ń fi mí yangàn, ẹ̀rù sì bà mí láti pàdánù ojú yẹn.

"Mo ti dárí jì yín, bàbá," mo ní. "Ó ti tán."

Ó súre fún mi. Ó súre fún Sakeenah tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí à ń padà lọ, Zulkifli ní, "O ṣeun. Ẹlòmíì ì bá ti pariwo mọ́ bàbá yẹn. Ìwà rẹ dára." Mo kọjú sí fèrèsé kó má baà rí omijé mi.

Bí mo bá ń kírun tí mo dé ibi orúkọ Ọlọ́run, ahọ́n mi a máa wúwo. Síbẹ̀ mi ò sọ ọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tú, bóyá ǹ bá má sọ ọ́ títí dòní.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló tú u.

Wọ́n ń sọ ọmọ Bushrah lórúkọ nílé, àwa náà se ìrẹsì àti ẹran ní Okala, a pe àwọn ará díẹ̀. Zulkifli ló pe Bàbá Ògúnbọ̀dé, kó lè mọ̀ pé a kò bínú sí i. Bàbá wọ agbádá funfun wá. Ó jókòó sí ìtòsí ọkọ mi, ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ dágbére.

"Ọmọ mi ọkùnrin ń bọ̀ wá mú mi lọ sí Pobè. Mo ti sọ fún un pé ojú mi ti lọ."

"Bàbá, ẹ ò ní í lọ," ni Zulkifli ń wí. "Ta ló ní ojú yín ti lọ?"

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìyá ọkọ mi pè. Zulkifli gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó jẹ́ kí gbogbo ilé máa gbọ́ ọ. Màámi ń rẹ́rìn-ín, ariwo ènìyàn ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní Ayọ̀dé ni wọ́n sọ ọmọ. Gbogbo wa ṣe àmín.

"Ìyàwó mi dà?" ni Màámi wá ní. "Ẹ jẹ́ kí n yìn ín lójú gbogbo yín. Mo ti pè é ní Òyìnbó rí, mo tọrọ àforíjì. Ṣé ẹ mọ̀ pé àdúrà ló ń kọ fún ọmọ wa nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ pa á?"

Mo rọra gbé àwo ìrẹsì ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé e," ni Màámi ń bá a lọ. "Kò fẹ́ kẹ́rù bà mí ni. Ṣebí mo ń wò ó lójú fóònù bó ṣe ń kọ ọ́. Àdúrà gé, kò pẹ́ tí Zulkifli fi pè mí pé ọkọ̀ kọlu ìyàwó òun. Mo ní, háà! Àdúrà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbà á là!"

Àwọn àlejò tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ ń ṣe "Al-hamdulillah". Zulkifli ń wò mí. Mi ò lè gbójú sókè.

Bàbá Ògúnbọ̀dé tẹ̀ síwájú sídìí fóònù. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un sọ."

Màámi tún un sọ pẹ̀lú ìdùnnú, ó tilẹ̀ fi kún un. Zulkifli pa ìpè náà.

"Faridah." Ó ti pẹ́ tó ti fi orúkọ mi pè mí bẹ́ẹ̀. "Níbo ni fóònù ilé wà nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ọ́ wò?"

Mo fọwọ́ kan àyà mi.

"Lábẹ́ híjáàbù?" ó ní.

Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá. Kò wo ọkọ mi, èmi nìkan ló ń wò.

"Nígbà náà, orí rẹ tẹ̀," ó ní.

"Ó tẹ̀, bàbá."

"Mo rí i."

"Ẹ rí i, bàbá. Ohun tí ẹ rí gẹ́ẹ́ ló ṣẹlẹ̀."

"Kì í ṣe ojú mi?"

"Kì í ṣe ojú yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dé fìlà rẹ̀, ó dìde, ó jáde. Kò ṣépè. Kò bú mi. Ì bá jẹ́ pé ó ṣépè fún mi ni, ara ì bá tù mí díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Zulkifli lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá obìnrin yẹn. Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ kan lójú ọ̀nà. Mo gbé fóònù ilé lé tábìlì. Obìnrin náà wò ó, ó wò mí. "Madame, mo bi yín léèrè," ó ní. Ó fi okùn so ó. Iná pupa ló tàn.

Wọ́n gba permis tèmi, ẹjọ́ mi sì ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n dá ti bàbá padà, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Zulkifli tún takisí rẹ̀ ṣe, ọmọ rẹ̀ kò sì wá mú un mọ́. Zulkifli ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, àmọ́ bí mo bá sọ nǹkan fún un, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó dáhùn.

Màámi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mí jù. Mo sọ fún un pé nítorí kí wọ́n má baà ní mo pẹ́ láti kí wọn ni mo ṣe ń tẹ fóònù. "Faridah," ó ní, "à bá dúró dè ọ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè yín ní Òyìnbó. Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ ọlọ́pàá yẹn kò wúlò. Ó wúlò. Ohun tí mo gbé fún un ló yẹ̀ wò.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Okala, mò ń wá ọkọ̀. Takisí kan dẹwọ́ eré níwájú mi. Mo kígbe pé "Akébé!" kí n tó rí ẹni tó ń wà á. Bàbá Ògúnbọ̀dé ni. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá tẹ fèrè, èyí tó túmọ̀ sí pé kí n wọlé. Iwájú nìkan ló ṣófo. Mo jókòó tì í.

A dé oríta kan. Bàbá dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún. Títì ṣófo gbalasa. Èrò ẹ̀yìn ń pòṣé, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè.

"Ọmọ mi," ó ní, "bá mi wò ó. Ṣé kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀?"

"Kò sí, bàbá. Ẹ máa lọ."

Ó wo ojú mi. Ó tún wo títì. Kò lọ.